Irọ́ Ni Wọ́n Ń Pa: Búrẹ́dì Ṣeé Yan Nílé

Ẹ dán an wò, ẹ sọ ládùúgbò pé ẹ fẹ́ yan búrẹ́dì nílé. Ẹ ó gbọ́ ọ: "Níbo lẹ ti máa rí ẹ̀rọ? Ta ló máa bá yín pò ó? Ófùn ńkọ́?" Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yìí gan-an, ó rẹ àgbàdo sómi níjẹta kó lè kan fún ògì. Ó mọ̀ pé oúnjẹ lè máa ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ nígbà tí èèyàn ń sùn, àmọ́ tó bá ti di ti búrẹ́dì, ẹ̀rù ẹ̀rọ a bà á.

Búrẹ́dì Agege ló kó wa sínú ẹ̀rù yìí. Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà tó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè l'Ékòó ní 1913, wà lára àwọn tó sọ búrẹ́dì di òwò ńlá nílẹ̀ wa. Nílé búrẹ́dì Agege, irin méjì tó ń yí ni wọ́n máa ń ki fúláwà pípò bọ̀ láàárín rẹ̀ léraléra. Òun ló jẹ́ kí Agege ki, kó sì máa fà. Tó bá jẹ́ Agege lọkàn yín ń fẹ́, ẹ lọ rà á. Ọwọ́ lásán ò lè ṣe é. Ṣé Agege nìkan wá ni búrẹ́dì ni?

Tómi bá ti kan fúláwà, purotéènì inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í so mọ́ra fúnra rẹ̀. Pípò kàn ń mú un yá ni. Ní 2006, ìwé ìròyìn New York Times gbé ọ̀nà Jim Lahey jáde, oníbúrẹ́dì kan ní New York tí kì í po tiẹ̀ rárá: á rò ó pọ̀, á fi í sílẹ̀ fún wákàtí 12 sí 18. Nínú ooru tiwa, òru kan ti tó. Kánjúkánjú ló ń mú àwọn kan da kẹ́míkà potassium bromate sí búrẹ́dì, ohun tí àjọ NAFDAC ti fòfin dè. Kí lẹni tó lè dúró di àárọ̀ fẹ́ fi í ṣe?

Fúláwà ife 4, omi ife 1 àbọ̀, iyọ̀ ṣíbí tíì 1 àbọ̀, yíìsì ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí tíì. Ẹ fi ṣíbí rò ó títí fúláwà gbígbẹ ò fi ní sí níbẹ̀ mọ́. Á lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́. Ẹ má fi fúláwà kún un. Ẹ dé e, kí ẹ lọ sùn. Láàárọ̀, á ti wú, ojú rẹ̀ á ti máa hó kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ẹ ká a léra, ẹ gbé e sínú páànù tẹ́ ẹ ti fòróró pa, kó tún wú díẹ̀.

Ófùn dà? Ẹ da iyanrìn gbígbẹ sídìí ìkòkò tó nípọn (èyí tí ẹ ò ní sunkún rẹ̀ tó bá bàjẹ́), ẹ dé e, kó gbóná fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ gbé páànù lé iyanrìn, ẹ dé e padà, kí iná má pọ̀ jù. Tó bá tó ìṣẹ́jú 45, ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi ìka kan ìdí rẹ̀: tó bá dún kó-kó, ó ti jinná. Òkè rẹ̀ lè má pọ́n. Ògúnná díẹ̀ lórí ọmọrí ìkòkò ló ń tún ìyẹn ṣe.

Ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó gé e. Búrẹ́dì gbígbóná máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ, àwọn tó ní kò ṣeé ṣe yẹn á sì yára sọ pé kò jinná.