"Caveat Emptor" Kì í Ṣe Orúkọ Onílé



Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé apá Mowe yìí, mo máa ń rí i lára ògiri, wọ́n á fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ pé ilé yìí kì í ṣe títà, "Caveat Emptor". Mo rí i ní Ìbafo, mo tún rí i lọ́nà Ifọ̀. Mo ní, Ọ̀gbẹ́ni Emptor yìí mà lówó o! Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, ìwé mẹ́fà ni mo kà.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé èdè Látìnì ni, èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́. Ohun tó ń sọ ni pé kí ẹni tó fẹ́ ra nǹkan la ojú rẹ̀ sílẹ̀ dáadáa. Àwa ọlọ́jà ti mọ ìyẹn tipẹ́. Ta ló ń ra àpò ẹ̀wà láì tú ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò? Ṣùgbọ́n tó bá ti di ọ̀rọ̀ ilẹ̀, a ó kàn sanwó ni.

Ọ̀kan nínú wa, mi ò ní dárúkọ, kó owó àjọ ọdún mẹ́ta lé àbọ̀ púlọ́ọ̀tì kan. Ọmọ onílẹ̀ kan ló tà á fún un, ó já rìsíìtì fún un, olórí ẹbí ò sì gbọ́ sí i. Nígbà tó dé kóòtù, lọ́yà ń pe "Nemo dat quod non habet", wọ́n tún ní "Void ab initio", ọ̀rẹ́ wa ń mirí bí ẹni tó gbọ́. Kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ òun.

Ti àkọ́kọ́ yẹn ni pé èèyàn ò lè fúnni ní ohun tí kò ní. Bí olè bá jí bélì aṣọ gbé, tó tà á fún ọ, ẹni tó ni aṣọ á wá gbà á. Èkejì ní láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni títà náà kò ti sí. Òfin wa ní Nàìjíríà ni pé ọmọ ẹbí tó bá ta ilẹ̀ ẹbí láìjẹ́ pé olórí ẹbí fọwọ́ sí i, asán ló tà. Tó bá sì jẹ́ olórí ẹbí ló dá tà á, tí kò jẹ́ kí àwọn àgbà ẹbí gbọ́, wọ́n lè gbé e lọ sí kóòtù kí wọ́n sì fagi lé e. Ẹ rí gbogbo wọn kí ẹ tó tú owó, kì í ṣe ẹnìkan tó wọ agbádá.

"Lis pendens" náà wà níbẹ̀. Ẹjọ́ ṣì wà nílẹ̀ lórí ilẹ̀ ọ̀hún ni. Ẹni tó bá rà á lásìkò yẹn, ẹjọ́ ló rà.

Kí ló dé tí wọn ò lè sọ ọ́ kó yé wa? Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gbé e wá fún wa gan-an, ní 1999 wọ́n ti yọ púpọ̀ nínú Látìnì kúrò ní kóòtù tiwọn. Òfin ìpìlẹ̀ wa ti 1999, abala 36, ní kí wọ́n fún ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn ní ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ bí kò bá gbọ́ èdè kóòtù. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ilẹ̀ kì í ṣe ti ọ̀daràn, ta ni yóò wá túmọ̀ tiwa?

Èrò tèmi ni pé lọ́yà tí ẹ bá sanwó fún, ẹ ní kó sọ ọ́ ní Yorùbá kí ẹ tó tẹ̀ka síwèé. Àwọn kan á ní àrífín ni. Àrífín wo? Oníbàárà ń fọwọ́ tẹ tòmátì wa wò, a kì í bínú. Bí lọ́yà bá ní kò ṣeé túmọ̀, ẹ kó ìwé yín, ẹ wá ẹlòmíì lọ.

Ẹni tó bá ní ìwé ilẹ̀ tàbí ti ṣọ́ọ̀bù tí kò yé e, kó mú un wá sípàdé kó tó san kọ́bọ̀.