Kí Òbí Má Ṣe Kẹ́gàn Akọ́ṣẹ́

Inú ọ̀pọ̀ òbí Yorùbá tí ń bẹ ní Kánò, Kàdúná àti Jọ́ọ̀sì kì í dùn bí ọmọ tó ti gboyè ní yunifásítì bá tún lọ ṣe akọ́ṣẹ́ ní iléeṣẹ́ alágbàṣe tí ń bá báńkì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ owó fún aráàlú. Ìbínú wọn kò tọ̀nà.

Ní ọdún 2004, Báńkì Àpapọ̀ pàṣẹ pé owó ìpìlẹ̀ báńkì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ tó bílíọ̀nù 25 náírà kí ọdún 2005 tó parí. Àwọn báńkì sì ta ìpín ìdókòwò káàkiri. Nígbà tí ọjà náà wó ní 2008, ọ̀pọ̀ oníṣòwò kò tilẹ̀ mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé iye ìpín lè wálẹ̀. Ìpolówó ni wọ́n gbọ́, wọn kò gbọ́ àlàyé.

Àlàyé yìí gan-an ni akọ́ṣẹ́ ń kọ́: kíka ìwé ìṣirò ọdọọdún, kíkéde èrè àti àdánù láìfi èyíkéyìí bò, àti pípa àṣírí mọ́ títí ọjọ́ ìkéde yóò fi pé. Ọmọ tó gbọ́ Yorùbá àti Haúsá lè mú un dé etí ìyá ọlọ́jà ní Sábón Gàrí.

Nítorí náà, kí òbí fara da owó oṣù kékeré ti ìbẹ̀rẹ̀. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Ẹni tí yóò bá ta òtítọ́ lọ́jà owó, àfi kó kọ́ ọ.