"Ìwọ Ńkọ́?" Kì Í Ṣe Àfojúdi



Nínú ìdánwò ọ̀rọ̀ sísọ, bí a bá béèrè àlàáfíà ọ̀dọ́ kan, ó lè dáhùn pé, "Dáadáa ni. Ìwọ ńkọ́?" Ojú á ti òbí rẹ̀. Èmi ò ka èyí sí àfojúdi. "Ṣé o ti jẹun?" "Kí lò ń ṣe?" Báyìí la ṣe ń bá a sọ̀rọ̀ nílé. Ní Ìbàdàn, á máa gbọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń kí àwọn àgbà àdúgbò. Ní Hampton, inú mọ́tò la wà tí a fi ń kọjá lára aládùúgbò.

Ìdánwò OPI ti àjọ ACTFL, tó wà ní Yorùbá pẹ̀lú, jẹ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ìṣẹ́jú 15 sí 30. Àkọ́sórí ò lè gbé ọmọ débẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá ń bá màmá yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ ṣí sípíkà, kí ọmọ gbọ́ bí ẹ ṣe ń kí wọn, kí òun náà sì kí wọn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí "o" bá bọ́ lẹ́nu yín, ẹ yí i sí "ẹ", kí ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ. Ẹ má torí ìyẹn dákẹ́. Ẹni tó dákẹ́ ò fún wa ní nǹkan kan tí a lè fún ní máàkì.