Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́

Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí lọ́kàn, mi ò sì lè gbé e mì. Ọ̀rọ̀ náà ni ti "Yọ ọ́ sọnù, kò wúlò" tí a ti sọ di oògùn gbogbo àìsàn ọkọ̀ tòkunbọ̀ nílẹ̀ wa. Bí nǹkan kan bá kọṣẹ́ lára ọkọ̀, a ò ní béèrè ohun tó ṣe é. A ó yọ ọ́, a ó so wáyà pọ̀ dáírẹ́ẹ̀tì, a ó sì ní ọkọ̀ ti dáa. Mo ní irọ́ ni. Ọkọ̀ ò dáa, ẹnu rẹ̀ la dì.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo wá bú àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn tún ọkọ̀ ṣe nílé. Èmi gan-an wà lára wọn. Ẹ̀yìnkùlé mi n'Íbàdàn ni mo ti ń pààrọ̀ ọ́ìlì, ibẹ̀ náà ni mo ti ń tú bíréèkì. Láti ìgbà tí ìjọba ti kéde yíyọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí lítà bẹntiróòlù kan tí kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀ sì gorí ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ibi nígbà tó fi di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ta ló tún fẹ́ sanwó fún iṣẹ́ tí ọwọ́ ara rẹ̀ ká? Bí a bá ń gúnyán nínú ewé, tí à ń sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó. Àtúnṣe kọ́ ni mò ń bá jà. Ohun tí à ń pè ní àtúnṣe tí kì í ṣe àtúnṣe ni mò ń bá jà.

Ẹ̀bi ara mi ni n ó fi bẹ̀rẹ̀. Mo ra Camry kan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní "Big Daddy". Kò tó oṣù mẹ́rin tó fi gbóná kọjá ààlà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìwó Road. Mẹkáníìkì kan ládùúgbò wa yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, támọ́sítáàtì ni. Ẹ yọ ọ́ sọnù jàre! Òyìnbó ló nílò ẹ̀, torí yìnyín wọn. Níbi tí oòrùn ti ń mú tó báyìí, kí la fẹ́ fi ṣe?"

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu létí mi. Sípánà tèmi ni mo fi tú u, ọwọ́ ara mi ni mo fi jù ú sí àkìtàn. A tún so fáànù rédíétọ̀ dáírẹ́ẹ̀tì, kó máa yí látìgbà tí mo bá ti ṣáná sọ́kọ̀. Abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ti gbóná tó wálẹ̀ wọ̀ọ̀. Inú mi dùn, mo ń yangàn kiri.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Oòrùn wa, bó ti wù kó mú tó, agbára káká ni yóò fi dé 40 dígírì. Ẹ́ńjìnnì kò tíì yá rárá ní 40. Nǹkan bí 90 ni wọ́n ṣe é fún. Támọ́sítáàtì ni aṣọ́nà tó ń mú un débẹ̀. Ìda kan wà nínú rẹ̀. Bí omi bá ṣì tutù, ìda náà a sún kì, ilẹ̀kùn a wà ní títì, ẹ́ńjìnnì a sì tètè yá. Bí ó bá ti tó nǹkan bí 82, ìda a yọ́, a wú, a ti ilẹ̀kùn, omi a sì máa lọ fẹ́ra nínú rédíétọ̀. Kí ló kan yìnyín níbẹ̀?

Bí a bá lé aṣọ́nà yìí lọ, ẹ́ńjìnnì a dà bí ìkòkò ọbẹ̀ tí wọ́n ń yọ iná nídìí rẹ̀ nígbàkúùgbà tó bá fẹ́ hó. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ a rò pé ẹ́ńjìnnì ò tíì yá, a máa da epo sí i ju bó ti yẹ lọ. Èyí tí kò jó nínú epo náà a ṣàn wọnú ọ́ìlì, òógùn omi inú ẹ́ńjìnnì ò sì ní gbẹ, títí ọ́ìlì yóò fi di ẹrẹ̀ dúdú. Ẹni tó ń pariwo pé epo wọ́n, òun náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí epo sílẹ̀ yìí o!

Èyí tó burú jù ni pé támọ́sítáàtì mi ò ṣe nǹkan kan. Rédíétọ̀ ló ń ṣàìsàn. Omi kànga ni mò ń dà sí i dípò kúláǹtì, ìpẹtà sì ti dí i nínú. Yíyọ tí mo yọ támọ́sítáàtì ló bo àìsàn náà mọ́lẹ̀ fún ọdún kan àtààbọ̀. Ọjọ́ tí mò ń gbé ìyá mi lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, nígbà tí a kọjá Ọ̀yọ́, rédíétọ̀ bẹ́. Abẹ́rẹ́ ò sọ nǹkan kan fún mi, torí omi tó yẹ kó máa wọ̀n ti tán pátá. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì nọ́ọ̀kì ni mo tó mọ̀. Ìyá mi, arúgbó, jókòó sẹ́bàá títì títí ilẹ̀ fi ṣú. Owó ilé-ìwé ọmọ mi ni mo kó lọ ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ mìíràn ní ọjà Àràrọ̀mí, ọmọ náà sì jókòó sílé fún odidi sáà kan. Ó béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Bàbá, ṣé ọkọ̀ yẹn ti dáa báyìí?" Mi ò mọ èsì tí n ó fún un.

Mo mọ ohun tí àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì máa sọ. Wọ́n á ní támọ́sítáàtì tó bá kú sí títì lè jó ẹ́ńjìnnì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, pé ayédèrú sì kún ọjà. Òótọ́ ni, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ṣé ẹni tí aṣọ́nà rẹ̀ sùn lọ á wá wó ilẹ̀kùn ilé ni? Ẹ gbé támọ́sítáàtì náà sínú ìkòkò omi lórí iná. Bí omi bá fẹ́ hó tí kò ṣí, ẹ sọ ọ́ nù, kí ẹ ra òmíràn. Bí ó bá ṣí, tí ó sì padé nígbà tí omi tutù, ẹ dá a padà sáyè rẹ̀, kí ẹ wá àìsàn lọ síbòmíràn. Ìyàwó mi ní ìkòkò tí mo fi dán tèmi wò kì í ṣe tòun mọ́, mo sì gbà. Ìkòkò kan ò tó ẹ́ńjìnnì kan.

Ẹnu kan náà tó ń sọ pé "Yọ ọ́ sọnù" ló tún ń sọ pé "Gáàsì, gáàsì náà ni." Bí epo ti wọ́n, ọ̀pọ̀ ń yí ọkọ̀ wọn padà sí CNG, ìyẹn sì dára bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n ni. Ṣùgbọ́n táyà tí fọganáísà ń fẹ́ 30 sí 35 sí, lórí òṣùwọ̀n kan náà, CNG a máa tó nǹkan bí 2,900! Sìlíńdà gáàsì ìdáná ò lè gbé e. Lóṣù Kẹwàá ọdún 2024, sìlíńdà ọkọ̀ kan bẹ́ níbi tí wọ́n ti ń rọ gáàsì sí i ní ìlú Benin, ó sì ṣe èèyàn léṣe. Àwọn aláṣẹ ètò CNG sọ pé wọ́n jó irin mọ́ sìlíńdà náà ni, pé kì í ṣe èyí tó yẹ. Èmi pàdánù ẹ́ńjìnnì. Ẹlòmíràn lè pàdánù ẹsẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ẹ má sọ sípánà yín nù. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó yọ ohunkóhun, ẹ béèrè: Kí ni iṣẹ́ rẹ̀? Kí ló bà á jẹ́? Bí mo bá yọ ọ́, ta ni yóò máa ṣe iṣẹ́ náà? Bí ẹ ò bá rí ìdáhùn, ẹ dá nọ́ọ̀tì padà, kí ẹ lọ bi ẹni tó mọ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ẹni tó bá sì tún sọ fún yín pé oòrùn ilẹ̀ wa ti tó ẹ́ńjìnnì, ẹ ní kó gbé ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ sínú oòrùn náà, kó dúró kó hó.