Ọkọ̀ oníná mànàmáná: ta ni yóò tún un ṣe ní Alímọ̀ṣọ́?

Láti ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí kì í mu epo kì í ṣe àlọ́ mọ́ létí àwọn ará Alímọ̀ṣọ́. Epo tí wọ́n ń rà ní iye tí kò tó 200 náírà fún lítà kan di 488 náírà ní ilé epo NNPC l'Ékòó láàárín ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá, ọdún 2024, ó ti gun orí 998 náírà. Ẹni tó ń ti Ìkòtún lọ sí Ìkẹjà lójoojúmọ́, tàbí tó ń ti Ìgàndó gba ọ̀nà LASU bọ́ sí Ìyànà Ìpájà, mọ ohun tí ìyẹn ṣe fún àpò rẹ̀. Kò yani lẹ́nu bí bàbá tàbí ìyá kan bá ń bi ọmọ rẹ̀ tó wà l'ókè òkun léèrè iye tí tòkunbọ̀ oníná mànàmáná jẹ́.

Ìṣirò rẹ̀ dùn ún gbọ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni purọ́ mọ́ ọn. Ọkọ̀ oníná tí kò tóbi jù máa ń jẹ nǹkan bí yúnìtì 18 kó tó rin kìlómítà 100, tí wọ́n bá ka èyí tó ń ṣòfò nígbà tó bá ń gba iná mọ́ ọn. Ní iye 225 náírà tí wọ́n bu lé yúnìtì kan fún àwọn tó wà ní Band A ní oṣù kẹrin, ọdún 2024, owó rẹ̀ jẹ́ 4,050 náírà. Ọkọ̀ elépo tó ń mu lítà mẹ́jọ lójú ọ̀nà kan náà yóò gba nǹkan bí 8,000 náírà ní iye epo oṣù kẹwàá ọdún náà. Ọkọ̀ oníná kò ní ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pààrọ̀, kò ní púlọ́ọ̀gì, kò ní kábúrétọ̀, kò ní sálẹ́ńsà. Ohun tí àwọn tó ń tà á kì í sábà sọ ni pé ohun tí kò ní ẹ́ńjìnnì náà máa ń bàjẹ́, àti pé ẹni tí yóò tún un ṣe kò tíì pọ̀ nílùú.

Àìsàn tó wọ́pọ̀ jù lára àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí kéré débi pé ó ń pa ẹni tó mọ̀ ọ́n lẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ wà níwájú ilé, bátìrì ńlá abẹ́ rẹ̀ kún dẹ́múdẹ́mú, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kò ṣí, dáṣíbọ́ọ̀dù ṣókùnkùn, ọkọ̀ kò jí. Olówó rẹ̀ á káwọ́ lérí pé bátìrì olówó iyebíye ti kú. Kò kú rárá. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ oníná, bátìrì kékeré kan tó jẹ́ fóòtì 12 tún wà níbẹ̀, irú èyí tó wà nínú Corolla àti dánfó gan-an. Òun ló ń gbé kọ̀ǹpútà ọkọ̀ dìde, òun ló ń ṣí ilẹ̀kùn, òun náà ló ń ṣílẹ̀kùn fún iná bátìrì ńlá láti jáde. Tí ti kékeré bá ti kú, ti ńlá kò lè dá nǹkan kan ṣe. Ọkọ̀ tí wọ́n gbé sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nígbà tí olówó rẹ̀ lọ sílé lè bá irú èyí pàdé. Rẹwáyà èyíkéyìí tó ní mítà lè wò ó, kó sájì rẹ̀ tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀, owó rẹ̀ kò sì ju ti bátìrì mọ́tò lásán lọ. Ẹni tí kò mọ èyí ni wọ́n lè gba owó ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí àìsàn orí fífọ́. Ohun kan tí wọ́n gbọdọ̀ yẹra fún ni kí wọ́n máa fi ọkọ̀ oníná jí ọkọ̀ elépo aládùúgbò. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ló kọ ọ́ sínú ìwé ìlò rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀.

Èyí tó tẹ̀lé e ni pé ọkọ̀ náà á kọ̀, kò ní gba iná. Wọ́n á ki wáyà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, iná pupa á sì tàn lára ẹ̀rọ tó ń gbé iná fún un. Níbí, ilé ló sábà máa ń ṣàìsàn, kì í ṣe ọkọ̀. Ẹ̀rọ náà máa ń kọ́kọ́ wò ó bóyá wáyà ilẹ̀, tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní áàtì, wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Tí iná bá ṣèèṣì já sára páànù ọkọ̀, wáyà yìí ni yóò gbé e wọlẹ̀ kó má baà mú ẹni tó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Ilé tí wọn kò ri irin áàtì mọ́lẹ̀ fún kò ṣọ̀wọ́n ní Ẹgbẹ́dá àti Ìkòtún, pàápàá àwọn ilé oníyàrá-kojú-síra tí wọ́n ti fa iná sí láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn oníṣẹ́ iná kan á wá so wáyà áàtì pọ̀ mọ́ niúṣírà láti fi tan ẹ̀rọ náà jẹ. Yóò gba iná lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí niúṣírà bá já lórí òpó, gbogbo ara ọkọ̀ náà ni yóò di wáyà iná, ọmọ tó bá sì fẹ̀yìn tì í ni yóò kọ́kọ́ mọ̀.

Iná tí kò lágbára náà máa ń fà á. Lálẹ́, nígbà tí gbogbo àdúgbò bá ń lọṣọ tí wọ́n ń fa omi, tíránsífọ́mà á rẹ̀, ẹ̀rọ náà á sì dákẹ́ nítorí pé ohun tó ń bọ̀ kò tó o. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo ayé mọ̀ sí “I better pass my neighbour” kò lè gbé e; kò tó ìlàjì agbára tí sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé ń fún ọkọ̀. (Kí ènìyàn sì máa sun bẹntiróòlù kó lè bọ́ lọ́wọ́ bẹntiróòlù, ìyẹn tún jẹ́ àrà mìíràn.) Bátìrì tó gba yúnìtì 64 yóò lò ju wákàtí 24 lọ lórí sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán kó tó kún láti òfo. Wáyà ẹ̀kítẹ́ńṣọ̀n ọjà kò lè fara da irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Yóò gbóná, yóò yọ́, ilé á sì lè jó. Kí wọ́n fa wáyà nínípọn tirẹ̀ lọ́tọ̀ láti ìdí mítà, pẹ̀lú bùréékà tirẹ̀ àti irin áàtì tó wọlẹ̀ dáadáa. Owó oníṣẹ́ iná tó mọ iṣẹ́ yìí yẹ kó wà nínú owó ọkọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lórí tòkunbọ̀, ojú ló yẹ kó là jù. Nissan Leaf àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní ìparí ọdún 2010, kò ní omi tó ń tu bátìrì rẹ̀ lára. Ní ọdún 2012, àwọn tó rà á ní Arizona, ìpínlẹ̀ olóoru kan l'Amẹ́ríkà, ké gbàjarè pé ọkọ̀ wọn kò rìn tó bí ó ṣe ń rìn mọ́. Ilé iṣẹ́ náà padà ṣèlérí àtúnṣe fún àwọn tí bátìrì wọn bá tètè rẹ̀ jù. Ooru Èkó kò tó ti Arizona, ṣùgbọ́n bátìrì tó ti gbó kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi kò ní di ọ̀dọ́ ní Apápá. Ìlà 12 ló wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù Leaf tó ń fi ìlera bátìrì hàn. Bí ó ṣe ń gbó ni wọ́n ń dín kù. Síbẹ̀, àwọn ọlọ́jà kan mọ bí wọ́n ṣe ń tún kọ̀ǹpútà rẹ̀ tò kí ìlà náà lè kún padà. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó gba iná kún un, kó wà á títí tí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kó sì ka kìlómítà tó rìn kó tó sanwó.

Hyundai Kona tún jẹ́ ẹ̀kọ́ mìíràn. Òun wà lára àwọn ọkọ̀ oníná àkọ́kọ́ tí wọ́n pàtẹ fún títà ní Nàìjíríà, nípasẹ̀ ilé iṣẹ́ Stallion. Ní oṣù kejì, ọdún 2021, Hyundai kéde pé òun yóò pààrọ̀ bátìrì nínú ọkọ̀ tó tó 82,000 kárí ayé, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì jẹ́ Kona, nítorí pé àwọn kan nínú wọn gbiná. Lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ilé iṣẹ́ náà mọ̀ ló lè ránṣẹ́ pè. Ọkọ̀ tó ti ọwọ́ mẹ́ta kọjá kó tó balẹ̀ sí Ìkòtún, ta ni yóò ránṣẹ́ sí i? Nọ́ńbà ṣaasí ni kí wọ́n fi wádìí lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ náà kí owó tó kúrò lọ́wọ́. Ọ̀fẹ́ ni.

Búréèkì ọkọ̀ oníná kì í tètè jẹ, nítorí mọ́tọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń dá a dúró, ṣùgbọ́n táyà rẹ̀ ń tètè jẹ nítorí ó wúwo. Tó bá ti rin inú àgbàrá, tí iná ìkìlọ̀ sì tàn, kí wọ́n má ṣe fi gba iná kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Èyí tó ń bani lẹ́rù jù ni ti mẹkáníìkì. Wáyà aláwọ̀ ọsàn tó wà lábẹ́ ọkọ̀ wọ̀nyí lè gbé tó fóòtì 350 sí 400. Rẹwáyà tó ti fi ogún ọdún ta wáyà méjì pọ̀ láti mọ̀ bóyá iná wà ńbẹ̀ kò lè gbé ìwà náà dé ibí. Wọ́n gbọdọ̀ yọ púlọ́ọ̀gì tó ń já iná bátìrì ńlá, kí wọ́n dúró ó kéré tán ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí iná tó kù nínú ẹ̀rọ tó tán, kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ náà, kí wọ́n sì fi mítà wò ó. Àwọn kan á ní mẹkáníìkì yóò kọ́ ọ fúnra wọn bí wọ́n ṣe kọ́ ọkọ̀ oní-injector nígbà tó dé. Òótọ́ ni pé wọ́n kọ́ ọ, nípa dídán an wò lórí ọkọ̀ oníbàárà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣàṣìṣe nígbà náà, brain box ló jó. Ẹni tó bá ṣàṣìṣe níbí, òun fúnra rẹ̀ ni.

Ìkànìyàn ọdún 2006 ka èèyàn 1,277,714 sí Alímọ̀ṣọ́, kò sí ìjọba ìbílẹ̀ tó pọ̀ tó o l'Ékòó nínú ìwé ìjọba àpapọ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó gbé bọ́ọ̀sì oníná méjì jáde pẹ̀lú Oando ní ọdún 2023, àwọn tó ń tọ́jú ìyẹn sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ní Benin àti Togo, láti ọdún 2022 tí ọ̀kadà oníná ti dé, ilé iṣẹ́ tó gbé e wá ló ń pààrọ̀ bátìrì fún ọlọ́kadà, kò sí ẹni tó ń tú u lẹ́bàá títì. Ọkọ̀ aládàáni kò ní irú bàbá ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ìjọba, Government Technical College, wà ní Ìkòtún. Ibẹ̀ ló yẹ kí ìjọba ti fi ọkọ̀ oníná kan àti olùkọ́ kan tó mọ̀ ọ́n bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe fún àwọn ọmọ iléèwé nìkan, bí kò ṣe fún àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì àti rẹwáyà pẹ̀lú, ní ọjọ́ Sátidé tí iṣẹ́ bá dẹ̀. Ẹgbẹ́ NATA lè kọ́kọ́ mú ogún nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn láti Ẹgbẹ́dá, Ìdimù, Ìgàndó àti Ìkòtún, kí wọ́n fún wọn ní ìwé ẹ̀rí tí wọn yóò gbé kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù. Owó ìbọ̀wọ́ àti mítà fún ogún ènìyàn kò tó owó ọkọ̀ kan ṣoṣo tí òṣìṣẹ́ ìjọba ń gùn.

Ní báyìí ná, ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá fẹ́ fi irú ọkọ̀ yìí ránṣẹ́ láti òkè òkun, kó kọ́kọ́ sọ fún un pé kó wádìí nọ́ńbà ṣaasí, kó pe oníṣẹ́ iná wá wo áàtì ilé, kó sì bèèrè orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tí yóò ṣí i tó bá dákẹ́. Tí kò bá rí ẹnì kẹta yìí, kí ọkọ̀ náà ṣì dúró síbi tó wà.