Ọjà Tó Bá Yá Kì Í Pẹ́ Lórí Àtẹ

Àwọn kan ní ọmọdé ti pọ̀ jù nínú Kano Pillars. Èmi ò gbà. Ahmed Musa ò tíì pé ọmọ ọdún 18 nígbà tó ń gbá góòlù wọlé fún wa ní sáà 2009/10. Ó lọ sí Netherlands, Pillars ò sì kú: a gba líìgì ní 2012, 2013 àti 2014.

Ọlọ́jà tó gbọ́n máa ń kó ọjà tuntun wá kí àtẹ tó ṣófo. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi àgbà méjì-mẹ́ta bíi Rabiu Ali ti àwọn ọmọ yìí lẹ́yìn, kí wọ́n bá wọn tọwọ́ bọ̀wé dáadáa, kí owó lè wọlé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń lọ. Ọmọ tí ẹ ń bú lónìí, òun lẹ máa fi yangàn lọ́la. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ rí sí i?