Ẹ̀rọ Ata ní Àdúgbò Ilé Gbígbé

Àwọn àgbà ní, bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sì sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn ní òru. Mo fi ojú ara mi rí òwe yìí ní àdúgbò wa ní Ìbàdàn láìpẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáradára, mo rí i pé èmi tí mo fẹ́ sọ fún ará ilé mi, kòkòrò wà ní ẹnu tèmi náà. Mo mọ̀ dájú pé irú rẹ̀ ń bẹ ní àdúgbò ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú yín, ẹ̀yin oníṣòwò àti ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kọ ọ́ sí ojú ìwé yìí.

Ilé méjìlá ni ó wà ní òpópó tí mò ń gbé. Ilé gbígbé ni gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ ni a sì kọ ọ́ sínú ìwé ilẹ̀ wọn. Òpópó náà kò fẹ̀; bí ọkọ̀ méjì bá pàdé, ọ̀kan ní láti padà sẹ́yìn. Ìyá Ìbejì ni ó ni ilé kẹta láti ìsàlẹ̀. Opó ni. Ọkọ rẹ̀ fi ilé náà sílẹ̀ fún un, kò sì fi owó sílẹ̀. Ó ti ń ta èlùbọ́ àti ata gbígbẹ ní ọjà fún ọdún pípẹ́, ṣùgbọ́n owó ìsọ̀ ń lọ sókè ní ọdọọdún, owó ọkọ̀ sì ti di ohun tí ènìyàn ń fi ọwọ́ lérán wò. Ni ó bá pinnu pé òun yóò wó ògiri iwájú ilé náà, òun yóò sì gbé ẹ̀rọ ìlọta méjì síbẹ̀, ọ̀kan fún ata tútù, ọ̀kan fún èlùbọ́. Epo dísẹ́ẹ̀lì ni ẹ̀rọ náà ń mu, nítorí iná mànàmáná tiwa kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.

Nígbà tí bíríkìlà dé tí ó bẹ̀rẹ̀ sí fi òòlù gbá ògiri, òpópó gbóná. Àwọn onílé pe ìpàdé ní ọjọ́ Sátidé. Ẹnìkan ní ìyàwó òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Bàbá àgbàlagbà kan tí ara rẹ̀ kò le ní ariwo ẹ̀rọ yóò pa òun kí ọjọ́ òun tó pé. Òmíràn ní omi ata yóò dí gọ́tà wa, àgbàrá yóò sì wọ ilé. Òmíràn tún ní bí a bá gba ẹ̀rọ ata lónìí, ẹ̀rọ búlọ́ọ̀kù ni yóò dé lọ́la, àwọn tí ń jó irin pọ̀ yóò sì tẹ̀ lé e. Bàbá kan wà níbẹ̀ tí ohùn rẹ̀ ga ju ti gbogbo wa lọ. Ó ní, "Ilé gbígbé ni a rà, a kò ra ọjà!"

Ẹ mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí olùkọ́ nínú ẹgbẹ́kẹ́gbẹ́. Èmi ni akọ̀wé. Wọ́n ní kí n kọ ìwé ẹ̀sùn sí ọ́fíìsì ètò ìlú, kí n sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí Ìyá Ìbejì. Mo kọ ọ́. N kò ní purọ́ fún yín, mo kọ ọ́ dáradára. Mo ka gbogbo ohun tí ó lè ba àdúgbò jẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì fi gègé fa ìlà sí ìdí àwọn tí ó ṣe pàtàkì. Gbogbo onílé fi ọwọ́ sí i, èmi náà fi ọwọ́ sí i. Mo mú ẹ̀dà rẹ̀ lọ sí ilé Ìyá Ìbejì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan náà, mo dọ̀bálẹ̀ kí i, mo fi ìwé lé e lọ́wọ́, mo sì yára padà sílé. N kò fẹ́ rí ojú rẹ̀ nígbà tí ó bá ń kà á.

Ní òru ọjọ́ Àìkú, mo gbọ́ ẹnìkan tí ó ń kan ilẹ̀kùn. Ìyá Ìbejì ni. Ó jókòó, kò bínú, kò sì sunkún.

Ó ní, "Tíṣà, ẹ̀yin ni ẹ kọ ìwé yìí."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Àwọn onílé ni ó rán mi."

Ó ní, "Mo mọ̀. Àwọn ìbejì ni ó dá ọwọ́ yín mọ̀. Ẹ̀yin ni ẹ kọ́ wọn ní ìwé kíkọ. Ọmọ mélòó ni ó ń wá kọ́ lẹ́sìnnì ní pálọ̀ yín ní ìrọ̀lẹ́?"

Mo ní, "Mẹ́rìnlélógún ni, mà."

"Ṣé wọ́n ń sanwó?"

"Wọ́n ń san án, mà."

"Ṣé ìwé ilé yìí pè é ní ilé ìwé?"

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, n kò rí èsì fọ̀. Ó dìde, ó ní, "Èmi kò fi yín sùn o. Mò ń béèrè ni. Ẹni tí ebi ń pa a máa béèrè." Ó sì lọ. Àwọn àgbà ní bí ebi bá wọ inú, ọ̀rọ̀ mìíràn kì í wọ̀ ọ́. Èmi tí ebi kò pa ni oorun kò kùn ní òru ọjọ́ náà.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ilé ìwé, n kò fi ìwé ẹ̀sùn náà ránṣẹ́. Mo mú un dání lọ sí ọ́fíìsì ètò ìlú, mo sì béèrè bí ọ̀rọ̀ náà ti rí gan-an. Òṣìṣẹ́ kan tí ó fi sùúrù gbọ́ tèmi ni ó là mí lọ́yẹ, mo sì tún wá òfin náà kà fúnra mi.

Kì í ṣe òní ni ètò ìlú bẹ̀rẹ̀ láàrin wa. Nígbà tí àrùn tí eku ń gbé kiri jà ní Èkó ní àwọn ọdún 1920 sí ìgbà náà, ìyẹn ni ó mú kí ìjọba òyìnbó dá ìgbìmọ̀ tí yóò tún Èkó tò sílẹ̀ ní ọdún 1928. Ní ọdún 1946 ni òfin ètò ìlú ti gbogbo Nàìjíríà jáde. Ní Ìbàdàn níhìn-ín, nígbà ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, a bẹ̀rẹ̀ Bódìjà ní ọdún 1959, a pààlà sí i, a sì ya ibi tí ènìyàn yóò máa gbé sọ́tọ̀. Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ gómìnà, bẹ́ẹ̀ ni ìwé àṣẹ tí a ń pè ní C of O sì máa ń sọ ohun tí a gbà ọ́ láyè láti fi ilẹ̀ náà ṣe. Òfin ètò ìlú ti ọdún 1992 wá là á mọ́lẹ̀ pé ẹni tí ó bá fẹ́ yí ilé kúrò nínú ìlò tí a fi ọwọ́ sí fún un gbọ́dọ̀ gba àṣẹ, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé tuntun. Ní ọdún 2003, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Nàìjíríà dá a pé ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó ni ọ̀rọ̀ ètò ìlú ní ìpínlẹ̀ rẹ̀.

Bí ẹnìkan bá ń rò pé ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni èyí, kí ó rántí ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 2024. Ní alẹ́ ọjọ́ Túsìdeè náà, ohun kan bú gbàmù ní Bódìjà àtijọ́, gbogbo Ìbàdàn sì gbọ́ ọ. Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ pé àwọn awakùsà tí kò gba àṣẹ ni ó kó ohun tí a fi ń fọ́ àpáta sínú ilé kan níbẹ̀. Ó kéré tán, ènìyàn 5 ni ó kú, àwọn tí ó farapa lé ní 70, ilé púpọ̀ sì wó. Àwọn aládùúgbò kò mọ ohun tí ó wà nínú ilé tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ wọn. Ẹ̀rọ ata kì í ṣe àdó olóró, n kò sì fi Ìyá Ìbejì wé awakùsà. Ohun tí mò ń wí ni pé ó tọ́ kí aládùúgbò mọ ohun tí a ń ṣe ní ilé kejì, kí ó sì ní ẹnu láti sọ̀rọ̀ kí ohunkóhun tó bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí òṣìṣẹ́ náà sọ tí ó wọ̀ mí lára. Ó ní àwọn ará àdúgbò kì í bínú sí òwò; ohun tí òwò ń tú jáde ni wọ́n ń bínú sí: ariwo, èéfín, omi ẹlẹ́gbin, ọkọ̀ tí ó dí ọ̀nà, àti iná. Ó ní aránṣọ tí ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ ní pálọ̀ kò dàbí ẹ̀rọ dísẹ́ẹ̀lì méjì, bẹ́ẹ̀ ni òfin sì de àwọn méjèèjì.

Mo padà dé, mo bẹ alága pé kí ó pe ìpàdé mìíràn, kí a sì pe Ìyá Ìbejì sí i, nítorí a kì í fi orí ẹni tí kò sí níbẹ̀ dájọ́. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, mo dìde, mo jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́sìnnì mi. Ẹ̀rín pa àwọn kan. Ìyàwó ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ náà ní ariwo àwọn ọmọ tí ń ka ìsodipúpọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ti ń jí ọmọ òun láti ọjọ́ tí òun ti bí i, ojú ni ó ń ti òun láti sọ fún Tíṣà. Ẹ gbọ́ ọ bí? Lẹ́yìn èyí ni ẹnìkan wá wo bàbá tí ohùn rẹ̀ ga, ó ní, "Bàbá, jẹnẹrétọ̀ tí ó ń mú ẹja yín tutù láti alẹ́ di òwúrọ̀ ńkọ́?" Bàbá wo ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. A kò gba ẹ̀rọ dísẹ́ẹ̀lì ní òpópó náà, n kò sì rò pé a ṣẹ̀ sí Ìyá Ìbejì nínú ìyẹn, nítorí ẹ̀rọ náà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ kan fèrèsé yàrá ọmọ tuntun. Ṣùgbọ́n alága wa, tí ilé rẹ̀ kọjú sí títì ńlá níbi tí àwọn ìsọ̀ ti wà tẹ́lẹ̀, ní ṣọ́ọ̀bù kan tí ó ṣófo. Ó gbà kí Ìyá Ìbejì gbé ẹ̀rọ rẹ̀ síbẹ̀, kí ó sì máa san ìdajì owó ní ọdún kìíní. Ní ti ilé rẹ̀, ó lè máa ta èlùbọ́ àti ata gbígbẹ nínú yàrá iwájú, láìsí ẹ̀rọ, bí àṣẹ bá ti jáde. Àwọn onílé dáwó fún bíríkìlà láti dí ògiri tí ó ti lu, kí ó ku fèrèsé kan.

Èmi pẹ̀lú rẹ̀ ni a jọ lọ sí ọ́fíìsì, òun pẹ̀lú ìwé tirẹ̀, èmi pẹ̀lú ìwé tèmi. Mo ti dín àwọn ọmọ lẹ́sìnnì kù sí mẹ́wàá, a kì í sì ka ìwé sókè mọ́. Àṣẹ kò tíì jáde fún ẹnikẹ́ni nínú àwa méjèèjì. Bàbá ẹlẹ́ja kò tíì máa dáhùn bí mo bá kí i.

Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ fẹ́ fi ilé yín ṣòwò, ẹ jọ̀wọ́, kí òòlù tó kan ògiri, ẹ kọ́kọ́ kàn sí ilé ọ̀tún, ilé òsì àti ti iwájú. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ohun tí ìwé ilẹ̀ yín wí. Ẹ mú pláànù ilé lọ sí ọ́fíìsì ètò ìlú, kí ẹ sì béèrè ohun tí yíyí ìlò ilé padà gbà. Owó tí ẹ bá san, ẹ gba rìsíìtì rẹ̀. Owó tí kò ní rìsíìtì kò lè jẹ́rìí fún yín ní ọjọ́ tí wọ́n bá fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sí ara ògiri yín. Ẹ̀yin aládùúgbò ẹ̀wẹ̀, ẹ má fi ìwé ẹ̀sùn ṣe ìkíni àkọ́kọ́. Ẹ lọ sí ilé ẹni náà, ẹ jókòó, ẹ béèrè ohun tí ó lé e dé ibẹ̀.

Ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́ pàápàá, ẹ̀yin olùkọ́ bíi tèmi, kí ẹ tó fi gègé fa ìlà sí ìdí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, ẹ yí ojú wo pálọ̀ tiyín.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o.